Ìtọ́jú Àwọn Ọmọ Tí Ó Yarọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín Ogun Àgbáyé Méjèèjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kì í ṣe orí nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wọ́, bí iké bá yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀, bí oríkèé rẹ̀ bá gan tí kò ṣeé nà mọ́, ojú àgbà náà ni a ó wò. Àgbà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe bàbá àti ìyá ọmọ nìkan, ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ni. A fẹ́ gbé e yẹ̀ wò bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣètò ìtọ́jú eegun àti oríkèé fún àwọn ọmọ wọn láti 1918 tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní parí, títí di 1939 tí Èkejì bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni ó kan àwa nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òyìnbó ayé àtijọ́. Ó kàn wá, nítorí pé ìbéèrè tí ó dojú kọ wọ́n nígbà náà kò yọ ìlú kankan sílẹ̀. Ìbéèrè náà ni pé, bí dókítà bá na ẹsẹ̀ ọmọ tán ní ilé ìwòsàn, tí ọmọ náà padà sí ilé, ta ni yóò rí i pé ẹsẹ̀ náà kò tún wọ́? Àwọn baba wa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹni òòṣà, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí. Ṣùgbọ́n kí á má fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ jẹ́ ọ̀tọ̀, kí á mú un rìn sì jẹ́ ọ̀tọ̀.

Ohun tí ó ń sọ ọmọ di arọ

Wọ́n ní kí amúkùn-ún wo ẹrù rẹ̀ bí ó ti wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Bí a bá wo ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ohun mẹ́rin pàtàkì ni a ó bá níbẹ̀.

Èkíní ni ikọ́ ife. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni kòkòrò àrùn yìí ń gbé, ṣùgbọ́n ó lè wọ eegun ẹ̀yìn, ìgbáròkó tàbí orúnkún ọmọdé, kí ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí eegun yóò fi wó. Inú wàrà màlúù tí ó ní àrùn náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó o. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n yàn ní orúkọ ọba, tí ó ṣiṣẹ́ láti 1901 sí 1911, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ikọ́ ife màlúù ń ran ènìyàn. Síbẹ̀, ní gbogbo àkókò tí à ń sọ yìí, kò sí òfin tí ó sọ ọ́ di dandan jákèjádò ilẹ̀ náà pé kí á fi iná pa kòkòrò inú wàrà kí á tó tà á.

Èkejì ni àrùn eegun rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní rickets. Ní àwọn ìlú tí èéfín ilé iṣẹ́ bo ojú ọ̀run, tí ilé fún mọ́ra wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tóóró, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ara ọmọ. Oúnjẹ ọmọ tálákà kò sì ní ohun tí ń mú eegun le. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, eegun rẹ̀ kò lè gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Àárín àkókò yìí gan-an ni ìmọ̀ dé. Ní 1919, Edward Mellanby ṣàlàyé ìdánwò tí ó fi ọmọ ajá ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi rí i pé epo ẹ̀dọ̀ ẹja ń dènà àrùn náà. Ní ọdún yẹn kan náà, Kurt Huldschinsky ní ìlú Berlin fi ìmọ́lẹ̀ àtùpà àkànṣe wo àwọn ọmọ tí ó ní i sàn. Láti 1919 sí 1922, Harriette Chick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ìlú Vienna pé bí ọmọ bá ti ń mu epo náà, tàbí tí oòrùn ń kan ara rẹ̀ dáadáa, àrùn náà kì í rí i gbé ṣe. Ohun tí ó wà nínú epo ẹja yìí ni a mọ̀ sí fítámìnì D.

Ẹ̀kẹta ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ibà a mú ọmọ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ibà náà bá fi lọ, apá tàbí ẹsẹ̀ ti kú. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un ní ayé ìgbà náà, 1955 ni ti Jonas Salk tó jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹrin ni àbùkù tí a bí mọ́ ọmọ, bíi kí àtẹ́lẹsẹ̀ yí sí inú, tàbí kí eegun ìgbáròkó yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.

Àìsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan pa wọ́n pọ̀: wọ́n ń fẹ́ ìtọ́jú ní kùtùkùtù, wọ́n sì ń fẹ́ ìtọ́jú pípẹ́. Ẹsẹ̀ tí ó yí sí inú ṣeé tẹ̀ padà nígbà tí eegun ọmọ ṣì rọ̀. Ẹ̀yìn tí ikọ́ ife wọ̀ ń fẹ́ kí ọmọ dùbúlẹ̀ gbalaja láìmira fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìdílé àwọn tí ń to eegun

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé inú ilé ẹ̀kọ́ gíga ni gbogbo ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ti jáde. Ní ti eegun, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, ìdílé kan wà tí iṣẹ́ ìran wọn jẹ́ títo eegun, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní àwọn ìdílé tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Evan Thomas, lọ fi ìlú Liverpool ṣe ibùjókòó. Kò ní ìwé ẹ̀rí dókítà. Àwọn aláìsàn ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn dókítà sì ń pè é lẹ́jọ́. Nígbà tí ó rí i bẹ́ẹ̀, ó rán àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Hugh Owen Thomas, tí a bí ní 1834, tí ó sì kú ní 1891. Ó fi ọgbọ́n ìdílé rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ilé ẹ̀kọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé oríkèé tí ó ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ sinmi pátápátá, kí ìsinmi náà má sì ní ìdádúró. Nítorí náà ó rọ irin tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀: òrùka irin tí a fi awọ bò wà ní ìdí itan, ọ̀pá irin méjì sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Títí di òní ni a ń fi orúkọ rẹ̀ pe irin náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó máa ń tọ́jú àwọn tálákà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Robert Jones, mọ̀lẹ́bí ìyàwó rẹ̀ tí a bí ní 1857, ti wá gbé nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Jones kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ògbóǹtagí nínú iṣẹ́ abẹ eegun.

Ilé Omidan Hunt ní Baschurch

Ẹnì kejì tí a kò lè ṣe aláìdárúkọ ni Omidan Agnes Hunt. A bí i ní 1866. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé ni àìsàn wọ eegun ìgbáròkó rẹ̀, ó sì yarọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí kò dí i lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 1900, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Emily Goodford, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ tí ó ń ṣàìsàn ní abúlé Baschurch, ní àgbègbè Shropshire. Inú àwọn àtíbàbà tí ẹ̀gbẹ́ wọn ṣí sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sùn, ní òtútù àti ní ooru, kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn lè ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní 1903, Omidan Hunt lọ sí Liverpool kí Jones lè wo ìgbáròkó òun fúnra rẹ̀. Ìpàdé yìí ni ó bí iṣẹ́ ńlá. Láti 1904 ni Jones ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Baschurch láti tọ́jú àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń ba Omidan Hunt nínú jẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti na ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n fi ayọ̀ rán lọ sílé, ni ó tún ń padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwọ́. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọn kò fẹ́ràn wọn. Ọmọ ń dàgbà, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá a dàgbà. Awọ ń já, ìdè ń dẹ̀, egbò ń yọ lábẹ́ irin, ìyá a sì bọ́ irin náà kúrò nítorí àánú ọmọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn jìnnà, owó ọkọ̀ kò sí. Iṣẹ́ ọdún kan a bàjẹ́ láàárín oṣù díẹ̀.

Ìdáhùn Omidan Hunt rọrùn láti sọ, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti ṣe. Bí ọmọ kò bá lè wá sí ilé ìwòsàn, kí ilé ìwòsàn máa lọ bá ọmọ. Ní 1907 ni wọ́n ṣí kílíníìkì àkọ́kọ́ fún ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá ní ìlú Shrewsbury. Nọ́ọ̀sì tí ó ti mọ ọmọ náà ní Baschurch ni yóò máa wò ó níbẹ̀. Tí a bá bi mí pé kí ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ, kílíníìkì yìí ni.

Láti ara sójà dé ara ọmọdé

Nígbà ogun 1914 sí 1918, ìjọba fi Jones ṣe olórí ìtọ́jú eegun àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ilé ìwòsàn onípákó káàkiri, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí ogun parí, ilé wà, òṣìṣẹ́ sì wà. Ohun tí a fi mú ẹsẹ̀ sójà dúró ṣeé fi mú ẹsẹ̀ ọmọdé dúró.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1919, Jones àti Gathorne Girdlestone, dókítà eegun ní Oxford, gbé ètò kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní kí ilé ìwòsàn eegun kan wà ní ìgbèríko fún àgbègbè kọ̀ọ̀kan, níbi tí afẹ́fẹ́ gbé mọ́. Kí àwọn kílíníìkì sì yí i ká ní àwọn ìlú àti abúlé, nítòsí ilé àwọn ọmọ. Kí ó sì jẹ́ pé àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kan náà ni yóò máa ṣiṣẹ́ ní ibi méjèèjì, kí ìtọ́jú má bàa já lágbedeméjì. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀ láti máa rọ àwọn àgbègbè láti tẹ̀ lé ètò náà.

Òfin náà ti ń la ọ̀nà sílẹ̀. Òfin 1907 ti mú un ní dandan kí dókítà máa yẹ àwọn ọmọ ilé ìwé wò. Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1918 sọ ọ́ di ojúṣe àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ láti pèsè ilé ìwé fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò pé. Òfin mìíràn ní 1918 fún ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti tọ́jú àwọn aboyún àti àwọn ọmọ tí kò tíì dé ilé ìwé. Òfin 1921 sì gbé ìtọ́jú ikọ́ ife lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Báyìí ni ó fi ṣeé ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ó ni ilé ìwòsàn láti máa tọ́jú ọmọ, kí ìjọba ìbílẹ̀ sì máa san owó rẹ̀, kí àwọn òbí dá ohun tí agbára wọn ká lé e.

Ní 1921, Omidan Hunt kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Baschurch lọ sí ilé ìwòsàn sójà àtijọ́ kan nítòsí Oswestry. Girdlestone náà sọ àwọn ilé onípákó tí wọ́n kọ́ fún sójà ní Headington, nítòsí Oxford, di ilé ìwòsàn eegun. Nígbà tí ó yá, owó William Morris, oníṣòwò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ni wọ́n fi tún un kọ́. Ní 1927, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Derwen sílẹ̀ nítòsí Oswestry, kí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tọ́ tán má bàa di alágbe. Jones kú ní 1933. Orúkọ òun àti ti Agnes Hunt ni ilé ìwòsàn Oswestry ń jẹ́ títí di òní.

Bí kílíníìkì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ má rò pé ilé ńlá ni kílíníìkì wọ̀nyí. Yàrá kan ní ilé ìwé tàbí gbọ̀ngàn ìlú lè tó fún un. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, nọ́ọ̀sì yóò dé, àwọn ìyá yóò gbé ọmọ wọn wá. Yóò wọn ẹsẹ̀ ọmọ, yóò wò ó bóyá irin ti kúrú, bóyá awọ ń ha á lára, bóyá pilásítà ti sán. Yóò kọ́ ìyá ní bí a ti ń rọra tẹ ẹsẹ̀ tí ó yí sí inú padà sí ipò rẹ̀ lójoojúmọ́, bí a ti ń tọ́jú awọ ara kí egbò má bàa yọ. Dókítà eegun a máa yọjú láti ìgbà dé ìgbà. Ọmọ tí ó bá ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ ni yóò mú lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ìyá kan kò bá wá, nọ́ọ̀sì a wá a lọ sílé. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ohun tí dókítà kò lè rí: yàrá tí kò ní fèrèsé, ibùsùn tí ọmọ mẹ́rin ń sùn lé, àpótí oúnjẹ tí ó ṣófo.

Àwọn olùkọ́ ní ipa tiwọn nínú iṣẹ́ yìí. Ojoojúmọ́ ni olùkọ́ ń rí bí ọmọ ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń sáré, bí ó ṣe ń jókòó. Olùkọ́ lè rí ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro kí dókítà ilé ìwé tó dé. Nínú àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko náà, wọ́n dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó wà lórí ibùsùn, nítorí pé ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ fún ọdún méjì kò gbọdọ̀ jí ní ọjọ́ kẹta kí ó di púrúǹtù.

Ibi tí ètò náà kù sí

Bí a bá yin ètò yìí tán, ó yẹ kí á sọ àbùkù rẹ̀ pẹ̀lú. Àkọ́kọ́, ètò náà kò dọ́gba. Owó orí ilé àti ilẹ̀ tí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ń kó jọ ni àgbègbè náà fi ń ṣiṣẹ́. Àgbègbè tí ó lówó, tí ó sì ní àwọn olóye, ní kílíníìkì púpọ̀. Ní àwọn ibi tí iṣẹ́ ti dá lẹ́yìn 1929, tí àwọn bàbá jókòó sílé, àìní pọ̀ jù, owó sì kéré jù. Báyìí ni ibi tí a bí ọmọ sí ṣe lè sọ bóyá yóò rìn tàbí kò ní rìn.

Èkejì ni ìyapa. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè kúrò nílé kí ó má padà títí yóò fi pé mẹ́fà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni àyè wà fún òbí láti wá wo ọmọ. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé ẹkún ń ba ìtọ́jú jẹ́. Ọmọ a gbàgbé ojú ìyá rẹ̀, a máa pe nọ́ọ̀sì ní ìyá. Ẹsẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti wọ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà pé àṣìṣe ni. Ní 1959 ni ìgbìmọ̀ kan tí Harry Platt ṣe alága rẹ̀ sọ pé kí á jẹ́ kí òbí máa wá wo ọmọ wọn nígbàkigbà. Dókítà eegun ni Platt fúnra rẹ̀, ikọ́ ife sì ti wọ orúnkún rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ó mọ ohun tí ó ń sọ.

Ẹ̀kẹta, òkè ni wọ́n sábà ń wò, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ń na ẹsẹ̀ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wàrà tí ó ní àrùn ṣì ń wọ ìlú. Ohun tí ó dín àwọn arọ kù jù lọ nígbẹ̀yìn ni oúnjẹ tí ó dára, epo ẹ̀dọ̀ ẹja, wàrà tí a ti fi iná pa kòkòrò rẹ̀, ilé tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, oògùn ikọ́ ife tí ó dé lẹ́yìn ogun kejì, àti àjẹsára. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948 ni ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ilé ìwòsàn náà, tí ìtọ́jú wọn sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀

Ní ilẹ̀ tiwa, ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì ní Èkó gba ọ̀nà tí ó jọ èyí. Ìtọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ó bí i, ní 1945 ni ó sì di ti gbogbo ìlú. Ní 2020, wọ́n kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti àdánidá ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sí inú ṣì ń wá sáyé, ọmọ tí ó já bọ́ lórí igi ṣì ń ṣẹ́ lápá, ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá sì jìn sí ọ̀pọ̀ abúlé.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ohun tí Omidan Hunt rí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ọ̀bẹ dókítà ń na ẹsẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ń yẹ irin wò ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ó tún wọ́. Bí ọmọ kan ní kíláàsì yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ẹ má dúró de dókítà kí ẹ tó bèèrè. Bí ó bá sì ti ilé ìwòsàn dé, ẹ tún bèèrè. Ẹ̀yin ni àgbà tí ó wà lọ́jà.